Samuel Johnson Wo Nìyẹn?

Orúkọ Samuel Johnson wà lára ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1755. Ó wà lára The History of the Yorubas, ìwé tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wádìí ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé tàbí ogun Kírìjì kò lè fò dá. Ó wà lára Hurlothrumbo, eré orí ìtàgé kan tí kò lórí tí kò nídìí, tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1729, tí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sì ń gun àgéré nínú rẹ̀. Ó wà lára Julian the Apostate, ìwé tí àlùfáà kan kọ lọ́dún 1682 láti fi ta ko àbúrò ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń retí àtigorí ìtẹ́. Nígbà tí àlùfáà náà kò sì yé kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n nà án ní pàṣán ní gbangba. Ó wà lára Elementa Philosophica, ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí tí Benjamin Franklin tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1752, ó sì tún wà lára àwọn ìwé gbàǹgbà-gbàǹgbà tí ará Amẹ́ríkà mìíràn kọ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e nípa ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà, Ṣáínà àti Páṣíà. Bí a bá to gbogbo ìwé wọ̀nyí sórí pẹpẹ kan, tí a ní kí àlejò sọ irú ẹni tí Samuel Johnson jẹ́, yóò ní ọkùnrin náà gbọ́ èdè, ó mọ ìtàn, ó mọ ẹ̀sìn, orí rẹ̀ fẹ́ dàrú díẹ̀, ó sì fi ọdún tó lé ní igba kọ̀wé. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n.

Àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́ bí kì í bá ṣe pé ó ń rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ní yàrá ìkàwé kékeré kan tí a ń tò lọ́wọ́ ní apá Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ló ń bá wa kọ orúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé sílẹ̀. Ìwé tí àwọn ènìyàn fi ta wá lọ́rẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà kò sí ètò kankan lára wọn: ìwé ìdáná wà lórí ìwé òfin, ìwé òfin wà lórí àwọn ìwé àdúrà tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ wá The History of the Yorubas, kó lè mọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sórí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta ìwé. Àwòrán òyìnbó sísanra kan tó dé wíìgì ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé, ó ń fojú pọ́n-ọ́n wo nǹkan bí ẹni tí kò ríran jìnnà.

“Ọ̀gá, ẹ wá wò ó o. Òyìnbó ló kọ ìtàn wa!”

Mo ní kì í ṣe òyìnbó. Ó ní fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ náà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ó kà á: pásítọ̀ ìlú Ọ̀yọ́. Lórí fóònù rẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè, àròsọ kan nípa ọmọ ọba ilẹ̀ Ethiopia, àti ìtàn àwọn Aláàfin ṣì tò tẹ̀ léra lábẹ́ àwòrán yẹn bí ọmọ bàbá kan.

Pásítọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ yìí, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bí i sí, ní Hastings ní Sierra Leone, lọ́dún 1846. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ìdílé náà sì ka ara wọn sí ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un padà wá sílé, Ìbàdàn ló dàgbà sí, Abẹ́òkúta ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó ṣe olùkọ́ àti ajíhìnrere ní Ìbàdàn fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ó ru iṣẹ́ Aláàfin lọ bá Gómìnà ní Èkó nígbà tí ogun Kírìjì kò jẹ́ kí ilẹ̀ rójú, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, níbi tó kú sí lọ́dún 1901. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ lọ́dún 1897, ohun tó ní ó ń dun òun ni pé àwọn ọmọ wa tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, Róòmù àti Gíríìkì dunjú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ nǹkan kan nípa ìtàn ilẹ̀ baba wọn. Ó wá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n gbé jókòó sórí ìwé tó kọ láti fi mú ẹ̀gàn náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Òṣogbo gbọ̀ngbọ̀n. Ogun tí Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Odérìnlọ, fi lé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin kúrò lẹ́yìn odi wa ní nǹkan bí ọdún 1840, inú ìwé Johnson ni ọ̀pọ̀ àwọn òpìtàn ti kọ́kọ́ kà á. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá di òyìnbó lójú ọmọ wa, ìtàn odi wa náà ti di ohun tí òyìnbó sọ fún wa nìyẹn.

Ìtàn bí ìwé náà ṣe jáde gan-an ló fi yé mi pé orúkọ kan lè bo ènìyàn méjì mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Lọ́dún 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé tó lórúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá kan. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Obadiah, àbúrò Samuel, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn òyìnbó, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì lọ béèrè. Wọ́n ní àwọn ti ṣì í gbé síbì kan, àwọn kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Mo ti ka gbólóhùn yẹn lọ ka gbólóhùn yẹn bọ̀, inú ṣì máa ń bí mi: èló ni wọ́n fẹ́ san? Samuel kú. Obadiah kó gbogbo àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọdánwò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì jókòó tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1916, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, nígbà tó sì dé, pépà ti gbówó lórí débi pé wọ́n ní kí ogun parí ná. Obadiah kú lọ́dún 1920, ìwé jáde lọ́dún 1921. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sí èyí tó rí i lórí àtẹ.

Orúkọ Samuel ló wà lókè gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, ti Obadiah sì wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olótùú. Mo gbà pé Obadiah fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí àbúrò tó mọ iyì ẹ̀gbọ́n ni. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá dé ibi tí gbólóhùn ti dán tó sì gún régé, mo máa ń béèrè lọ́kàn mi pé ta ló gbé e kalẹ̀ báyìí, pásítọ̀ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arọ́kin, òpìtàn ààfin, ni, àbí dókítà tó jókòó sí Èkó pẹ̀lú pépà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pọ́n? Olótùú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó tó fún ẹni tó tún odindi ìwé kọ.

Johnson ti Lọ́ńdọ̀nù náà kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ o, mi ò bá a jà. Ọmọ olùtàwé ni. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tó ní ọ̀rọ̀ tó lé ní 42,000, àwọn akọ̀wé mẹ́fà ló sì ń bá a da ọ̀rọ̀ kọ, tí márùn-ún nínú wọn wá láti Scotland. Orúkọ tiwọn kò sí lójú ìwé náà. Ìwé tó kọ́kọ́ gbé jáde, lọ́dún 1735, jẹ́ ìtumọ̀ ìrìnàjò àlùfáà Potogí kan sí ilẹ̀ Ethiopia, ibẹ̀ náà ló sì fi ṣe ibùdó fún àròsọ rẹ̀, Rasselas, lọ́dún 1759, èyí tó kọ ní wàràwàrà kó lè rówó fi sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí òun náà máa kú, Francis Barber ló fi púpọ̀ nínú ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún, adúláwọ̀ tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Jàmáíkà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó rí Samuel Johnson àti Áfíríkà lójú kan, tó sì rò pé òun ti mọ ẹni tó jẹ́, kò kúkú sọnù tán.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe wá ń jẹ́ Samuel Johnson? Freetown ni ká ti béèrè. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, bí míṣọ́nnárì bá ti ń ṣe ìrìbọmi fún wọn ni wọ́n ń fún wọn ní orúkọ àwọn tó ń dáwó fún iṣẹ́ náà àti ti àwọn àlùfáà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní ilé. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, gba orúkọ Samuel Crowther lọ́dún 1825, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ yẹn náà ló sì fi síwájú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó gbé jáde lọ́dún 1843. Lọ́dún 1922, Henry Ford tó ń ṣe ọkọ̀ gbé ìwé kan jáde nípa ayé àti iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá a kọ ọ́ sì jẹ́ oníròyìn Amẹ́ríkà kan. Kí lorúkọ rẹ̀? Samuel Crowther. Bí ẹ bá fi orúkọ méjì yìí nìkan wá ìwé, bíṣọ́ọ̀bù wa yóò máa kọ́ ènìyàn ní gírámà Yorùbá lónìí, yóò máa to mọ́tò lọ́la. Àjàyí tí a ò jẹ́ kó kúrò láàárín orúkọ bíṣọ́ọ̀bù ló gbà á. Johnson kò ní irú rẹ̀ lójú ìwé tirẹ̀. Samuel àti Johnson ni, wọ́n sì tò ó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwa tí à ń gbé ìlú yìí kò jẹ́ ṣe irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ara wa. Ẹ dé Ìgbọ̀nà kí ẹ ní Ràsákì lẹ̀ ń wá. Wọn yóò bi yín pé Ràsákì Télọ̀ ni àbí Ràsákì Fọkanáísà, èyí pupa tí ìyá rẹ̀ ń ta àmàlà ni àbí ọmọ Àlàájì. Kò sí ẹni tí yóò kó àwọn méjèèjì pọ̀, kó ní ọkùnrin kan ló ń rán agbádá tó tún ń jó táyà. Oríkì tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ lè jọra, oríkì yóò mú ilé, yóò mú ìran, yóò mú ohun tí bàbá ẹni ṣe. Orí ìwé nìkan ni a ti gbà pé orúkọ lásán tó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí orúkọ kan fi ń gba ọ̀pọ̀ ìwé, èyí sì jẹ́ ohun tí wọ́n dìídì ṣe. Àwọn tó ka ìwé Nancy Drew, ìtàn ọmọdébìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ní kékeré, tí wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ara wọn títí èèpo rẹ̀ fi ya, mọ Carolyn Keene, orúkọ òǹkọ̀wé tó wà lára rẹ̀, bí ẹni mọ olùkọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Edward Stratemeyer ló dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń ro ìtàn, tó ń fi ìlapa èrò rẹ̀ rán àwọn akọ̀wé tó háyà, ilé iṣẹ́ náà ló sì ni orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé. Mildred Wirt gba dọ́là 125 fún èyí àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1930, ó sì kọ 23 nínú 30 àkọ́kọ́. Ó ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 1980, nígbà tí àwọn atẹ̀wé gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ tí wọ́n sì pè é wá jẹ́rìí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé obìnrin kan báyìí wà láyé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni ẹni tó ni orúkọ. Kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ kọ̀wé.

Òṣogbo tiwa náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1966, ìwé eré kan jáde nínú ọ̀wọ́ ìwé African Writers Series ti Heinemann. The Imprisonment of Obatala ni wọ́n pè é, eré mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ wọ́n sì ni Obotunde Ijimere. Wọ́n ní Ulli Beier ló bá a gbé e wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tó bá rọra pe orúkọ òǹkọ̀wé yẹn lẹ́ẹ̀kan yóò ti máa fura pé ẹnì kan ń fi òun ṣeré, òótọ́ sì ni, nítorí Beier, ọmọ Jámánì tó fi Òṣogbo ṣe ilé, tó bá Dúró Ládiípọ̀ dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbí lọ́dún 1962, òun gan-an ni Ijimere. Lọ́dún 1967, ó ṣe olótùú ìwé kan tí wọ́n pè ní Three Nigerian Plays. Eré Mọ́remí ti Dúró Ládiípọ̀ wà níbẹ̀, ti Wálé Ògúnyẹmí wà níbẹ̀, ti Ijimere sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Olótùú ló ń ṣe àtúnṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì kà á mọ́ ti àwọn ọmọ onílé.

Mi ò ní sọ pé Beier kò ṣe ìlú yìí lóore. Ó ṣe é, àwọn ayàwòrán àti àwọn eléré tó jáde láti ọwọ́ ẹgbẹ́ náà sì wà káàkiri ayé tí wọ́n ń jẹ́rìí sí i. Mo sì mọ̀ pé èdè àti òrìṣà tó gbé eré rẹ̀ lé kì í ṣe ohun tó jí; ó bá àwọn tó ni wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti pásítọ̀ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń korò lẹ́nu mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ayé sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Jámánì jẹ́ orúkọ Yorùbá, ayé sì kà á sí Yorùbá. Ti àkọ́kọ́, ẹrú ló fà á, kò bi í kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ti ìkejì, ó wù ú ni. Ìgbà tí eré rẹ̀ parí, ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ bí aṣọ egúngún, ó tún di Ulli Beier, gbogbo ìwé náà sì wọlé sí ìṣírò rẹ̀. Johnson kò rí èyí tó máa bọ́.

Àwọn onílé ìkówèésí ti ń bá ìṣòro yìí jà tipẹ́. Wọ́n máa ń fi ọdún ìbí àti ọdún ikú sí ẹ̀yìn orúkọ, kí ti 1709 sí 1784 má bàa dà pọ̀ mọ́ ti 1846 sí 1901. Láti ọdún 2012, nọ́ńbà àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní ISNI tún wà, onídíjíìtì 16, tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ tó bá jọra má bàa jọ wọ ilé kan náà. Ètò tó dára ni, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ nọ́ńbà kì í dá ara rẹ̀ kọ. Ẹnì kan ló ń jókòó tì í, bí ẹni náà kò bá sì tíì gbọ́ nípa Ọ̀yọ́ rí, ibi tó mọ̀ ni yóò fi ìwé Ọ̀yọ́ sí. Ẹni tó lókìkí jù lọ́dọ̀ akọ̀wé ni yóò máa jẹ gbogbo rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ní èrò ibi lọ́kàn.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ̀wé bá ní òun fẹ́ lọ tẹ ìwé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó má fi lẹ́tà méjì àti orúkọ bàbá lásán síwájú ìwé. Ẹni mélòó ló ń jẹ́ A. Adéyẹmí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan? Kó kọ orúkọ rẹ̀ pé, kó fi àmì ohùn sí i, kó kọ ìlú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, bó bá sì ní àlàjẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ládùúgbò, kó má tijú rẹ̀.

Lórí káàdì tiwa, a ti kọ Johnson, Samuel, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ọmọ tó rí òyìnbó lórí fóònù ló ní ká tún ṣe káàdì lọ́tọ̀ fún Obadiah, nítorí bí ènìyàn bá wá fi orúkọ dókítà náà béèrè, kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo. A sì ṣe é, ìwé kan náà ni káàdì méjèèjì tọ́ka sí. Rasselas wà ní pẹpẹ kejì pẹ̀lú káàdì tirẹ̀. Ti Ijimere ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní Beier ni ká kọ, ká fi Ijimere sínú àkámọ́. Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú nínú kí ìwé jẹ́ orúkọ tó fi jáde. Èmi fara mọ́ ti Beier, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ni yóò máa lo káàdì yìí, mo sì ti ní kí wọ́n dìbò.